Sípíkà Tí Kì Í Yadi Lójú Baálé

Ìjókòó ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí. Láàárọ̀ ọjọ́rú kan, Gbohùngbohùn fẹ́ sún ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè ráyè gbá àgbàlá. Ó jókòó sídìí sítíárìn, ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò kan bíréèkì. Ó tún nà án, ó ku díẹ̀. Ó di sítíárìn mú, ó wọ́ ìdí síwájú bí ọmọ tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga àgbà, ìgbà náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó irin. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò ga, ìyàwó rẹ̀ sì tún kúrú jù ú lọ, tó fi jẹ́ pé ìrọ̀rí tó ń gbé wọlé lálẹ́ ló fi ń ti ẹ̀yìn wakọ̀. Bí obìnrin náà bá ń wakọ̀ kọjá, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù kan ń wa ọkọ̀ lọ. Ta ni ó wá jókòó síbí tó ti ìjókòó sẹ́yìn tó báyìí? Ẹni náà yóò ga bí òpó iná.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú ọkọ̀. Ó wo àpò ilẹ̀kùn, ó gbọn aṣọ ìnujú, ó gbé rọ́gì sókè. Abẹ́ rọ́gì ni ó ti rí i: téèpù dúdú kan tí kò gùn ju èékánná lọ, tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ó ká a kúrò, ó gbé e sójú oòrùn. Etí téèpù náà gún régé, kò sí orípa eyín kankan lára rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e. Láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí Gbohùngbohùn ti ń tún rédíò ọkọ̀ ṣe, eyín ló fi ń gé téèpù.

Ì bá sàn kó jẹ́ fìlà ọkùnrin ni ó rí. Bó bá jẹ́ fìlà, èèyàn lè sọ pé ó gbé ẹnì kan dé ìdí iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n téèpù! Ọkùnrin mìíràn ti ki ọwọ́ bọ àárín wáyà tí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ́ sínú ọkọ̀ ìyàwó òun.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún tó, ẹ ní láti mọ irú ẹni tí Gbohùngbohùn jẹ́. Kò sí ilé ìwé tó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni rédíò bàbá rẹ̀ kú. Ó fi ọ̀bẹ ìdáná tú u, ó tò ó padà, rédíò sọ̀rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, irin mẹ́fà sì ṣẹ́kù nílẹ̀ tí rédíò kò béèrè fún mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé àwọn tó ń ṣe rédíò ń fi irin ṣòfò. Orúkọ tí òbí sọ ọ́ ti sọnù tipẹ́. Gbohùngbohùn ni ọmọ ilé ìwé ń pè é, Gbohùngbohùn ni ọlọ́pàá ojú títì ń pè é, nítorí pé etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọkọ̀ kan ń bọ̀ tí sípíkà ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òsì ti ya." Wọ́n wo ọ̀nà, wọn ò rí nǹkan kan. Ó tó ìgbà tí èèyàn lè fọ aṣọ kó sì gbẹ kí ọkọ̀ náà tó yọ, sípíkà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì sì ti ya lóòótọ́. Ẹni tí kò bá gbàgbọ́, kó lọ bi Onítáyà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ni, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Yóò fi wáyà méjèèjì kan ìdí sípíkà, sípíkà á sọ pé "pọ́!", pépà inú rẹ̀ á sì ta jáde díẹ̀. Gbohùngbohùn á fi ìka kékeré kan pépà náà, á di ojú, á sọ ohun tó ń ṣe é, á sì sọ ọdún tó kù kó kú. Nígbà tó bá sì tò ó tán, á ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ gbayawu, á gbé ẹsẹ̀ kan sínú, á fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, á na orí síta. "Ìta la ti ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń kọrin àbí ó ń pariwo," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Gbogbo onírédíò ọkọ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ti ara rẹ̀ mọ́nú irin gbígbóná lọ́sàn-án gangan.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, aránṣọ ni. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ lọ fún àwọn ilé ìwé tó jìnnà, wákàtí kan ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀. Nígbà tí àwọn ìbejì wọn, obìnrin méjèèjì, lọ sílé ọkọ tán, Gbohùngbohùn ra ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé fún un, ó sì fi odidi ọjọ́ kan to sípíkà mẹ́rin sí i, ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn aládùúgbò gbé àga jáde wá wòran. Nígbà tó tẹ rédíò, àwọn ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé mẹ́ta fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì rí méjì nínú wọn mọ́ títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí ni Ìyá Ìbejì ti òde dé, tó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi wo rédíò ọkọ̀ mi. Iná rẹ̀ ń tàn, nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n sípíkà kankan ò fọhùn."

Gbohùngbohùn jáde, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Orin bú jáde nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Èwo ló yadi nínú wọn?"

"Ojú ọ̀nà ló ti ń yadi."

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tún kọrin. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Gbohùngbohùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, etí rẹ ló ń darúgbó o. Sípíkà tí èmi bá tò kì í yadi."

Obìnrin náà wò ó. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ sípíkà sí i létí mọ́. Gbohùngbohùn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí téèpù ṣe yọjú.

Ó gbé téèpù náà sínú àpò àyà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Onítáyà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kan nígbà tó dé.

"Ojú rẹ le," Onítáyà wí. "Ó dà bíi pé o ti gbọ́."

"Gbọ́ kí ni?"

"Áà! Bí o ò bá tíì gbọ́, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ."

"Onítáyà!"

"Ọkọ̀ ṣáà ni mo rí lánàá. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Mítà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí adìyẹ tó ń sá ìyẹ́ sóòrùn."

"Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé pọ̀ nílùú."

"Wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí obìnrin kúkurú kan jókòó tì lábẹ́ ìbòòji, tó ń fi ṣòkòtò ilé ìwé fẹ́ ara rẹ̀, ìyẹn ò pọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo rí i?"

"Èmi? Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ lódìkejì ló ní òun ti rí i lẹ́ẹ̀mejì." Ó yọ ẹnu pọ́ǹpù, táyà sọ pé pìììsì. "Ọkùnrin náà mọ́ tónítóní o. Ìbọ̀wọ́ funfun ló fi ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ̀ pé ó ń wọ ìbọ̀wọ́."

"Ó sì ga."

"Máa fẹ́ táyà rẹ, Onítáyà."

Mítà tí wọ́n ń wí yìí, kò ju ọdún méjì lọ tó gba ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì ńlá. Ilé ìwé ló ti kọ́ṣẹ́. Ó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri nínú gíláàsì, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà wọn iná inú wáyà, ìyẹn mítà tí wọ́n fi ń pe orúkọ rẹ̀. Bó bá fi irin rẹ̀ kan wáyà, nọ́ńbà á yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó ń fi ojú gbọ́ràn," bẹ́ẹ̀ ni Gbohùngbohùn máa ń pè é. Oníbàárà méje ti sọdá títì lọ bá Mítà, Gbohùngbohùn sì mọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn lórí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kọjá, á yíjú sápá kan bí ẹni tí kò rí i, á wá na etí. Bí ohùn sípíkà ọkọ̀ náà bá dára, oúnjẹ ọ̀sán kò ní wọ̀ ọ́ lọ́fun.

Ó ti fara da oníbàárà. Ṣé ìyàwó òun náà ti ń sọdá títì ni?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fọgbọ́n béèrè.

"Rédíò ọkọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí ẹ fi sí," Ìyá Ìbejì dáhùn láìgbójú kúrò lára bọ́tìnnì tó ń rán.

"Ṣé ó ń fọhùn?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé sípíkà tí ẹ bá tò kì í yadi."

Ó mú bátìrì rẹ̀, ó jáde. Ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ó fa rédíò jáde nínú ihò rẹ̀, ó fi wáyà kan ìdí wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan. Pọ́. Pọ́. Pọ́. Pọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le koko. Ó dá rédíò padà, ó yí kọ́kọ́rọ́, orin gba gbogbo àgbàlá. Ká ní ọ̀kan péré yadi nínú wọn, ì bá fò sókè fún ayọ̀: a jẹ́ pé sípíkà ló gbé obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ Mítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara sípíkà yá báyìí, kí ni ìyàwó òun ń wá lọ? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ayé rẹ̀ tó ń bẹ rédíò pé, jọ̀wọ́, bàjẹ́. Rédíò kọ̀, ó ń kọrin.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ̀ náà bí ọlọ́pàá. Ó fi abẹ́rẹ́ fa ìlà tín-ín-rín sórí àwọn síkúrù tó di ìbora ilẹ̀kùn mú, kí ó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú wọn. Ó ti ìjókòó síwájú títí kò fi lè lọ mọ́. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbé ọkọ̀ dé ní ọjọ́bọ̀, ó ní òun fẹ́ nu gíláàsì fún un. Gbogbo ìlà tó fà ló ti yí. Ìjókòó ti padà sẹ́yìn pátápátá. Ó fi imú sára rẹ̀, ó sì gbóòórùn ọṣẹ kan tí wọn kì í lò nílé òun. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń gbóòórùn ọṣẹ ọkùnrin ẹlòmíràn, títí Ìyá Ìbejì fi yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Ìbejì, imú lẹ fi ń nu gíláàsì ni?"

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí obìnrin náà ṣe tí kò ní ìtumọ̀. Ó kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ: ta ló ń kọ ọ́ fún? Ó fọ ọkọ̀: ta ni yóò wò ó? Ó wọ bàtà pupa kan; bàtà náà ti lé lọ́dún kan nínú ilé, ṣùgbọ́n ojú owú tuntun ni Gbohùngbohùn fi ń wò ó. Kò sì lè béèrè gbangba. Bó bá béèrè, tí obìnrin náà dáhùn pé ọ̀rọ̀ sípíkà ni, a jẹ́ pé ìyàwó òun ti gbé ọwọ́ ẹlòmíràn ga ju tòun lọ. Bó bá sì dáhùn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípíkà, ó parí. Ó gbé méjèèjì wò nínú ọkàn rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò dun òun jù.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, Onítáyà na ọrùn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kàn fi àgbọ̀n tọ́ka sí òdìkejì títì.

Gbohùngbohùn ki bátìrì àti wáyà rẹ̀ bọ àpò, ó jáde. Àwọn tó rí i ní ó sọdá títì náà láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, ọkọ̀ mọ́kànlá ló sì tẹ bíréèkì fún un. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Mítà mọ́ bí àwo. Irinṣẹ́ tò sára ògiri láti orí kékeré dé orí ńlá. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé wà láàárín, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, Ìyá Ìbejì jókòó lórí àga, Mítà sì wà ní ìdajì nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ kan nà síta bí igi tí wọ́n gé sọnù. Rédíò ń kọrin kẹ̀. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló gún un.

"Ẹ kú ìgbádùn o," Gbohùngbohùn wí.

Ìyá Ìbejì yíjú. Kò fò, kò dìde. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ wá jókòó."

"Mi ò jókòó. Kí lẹ ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Ó ní mítà òun sọ pé ara ọkọ̀ mi le ju ara òun lọ. Ṣé kí n sunkún ni?"

Mítà yára yọ orí jáde, ó forí gbá òrùlé ọkọ̀, ó tẹríba bó ti ń fọwọ́ ra orí. "Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ̀yin gan-an ni mo ti ń fẹ́ rí."

"Èmi kọ́ lo ń fẹ́ rí. Ẹni tí ò ń fẹ́ rí lò ń rí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mọ̀mí ti wá síbí..."

"Mẹ́rin!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun mọ̀. "Èwo sì ni mọ̀mí? Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ tó gbálẹ̀ ọjà?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, bàbá. Mo tú ilẹ̀kùn, mo wo sípíkà, mo wo wáyà ìdí rédíò. Nọ́ńbà gbogbo wọn pé. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo sọ fún wọn, wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sún mọ́ Gbohùngbohùn. "Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń bà mí díẹ̀. Mo ní àbí mọ̀mí kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa wá jókòó síbí ni. Mo ti ń rò ó pé kí n wá fi tó yín létí kó tó di ọ̀rọ̀."

Ara Gbohùngbohùn gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Òun nìkan kọ́ ló rò ó! Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ rò ó!

Ṣùgbọ́n etí Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ní ó ń darúgbó, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dìde.

"Kí lo wí? Mo fẹ́ràn kí n máa wá jókòó? Sórí kí ni? Sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì yìí?"

"Mọ̀mí, mi ò ní..."

"O ní bẹ́ẹ̀. Ó yá, kí n wo ẹ̀yin méjèèjì dáadáa. Ọkọ mi ní etí mi ti kú. Ìwọ ní ojú rẹ ni mò ń wá wò. Kò sì sẹ́ni tó rò ó pé ó lè jẹ́ rédíò mi ni kò fọhùn. Ẹ wọnú ọkọ̀."

"Wọ inú..."

"Bàbá Ìbejì, ẹ wọ iwájú. Ìwọ ọ̀gbẹ́ni arẹwà, wọ ẹ̀yìn."

Bí ó ṣe sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè jiyàn. Gbohùngbohùn wọ iwájú. Mítà ká ara rẹ̀ bí ẹni ń ká ẹní, ó wọ ẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ dé etí. Rédíò ṣì ń kọrin. Gbohùngbohùn ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, orin ò yẹ̀. Mítà ti méjèèjì tó wà lẹ́yìn, orin ò yẹ̀. Ìyá Ìbejì jókòó sídìí sítíárìn, ó fa ilẹ̀kùn tirẹ̀: gbàm!

Kẹ́kẹ́ pa.

Iná rédíò ń tàn. Nọ́ńbà ń hàn. Èémí Mítà nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Ẹ gbọ́ bí?" Ìyá Ìbejì béèrè.

Gbohùngbohùn ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí ohùn. Mítà ṣí tẹ̀yìn. Kò sí ohùn. Ìyá Ìbejì fi ìka kan ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ síta, orin bú jáde bí omi. Ó fà á padà, orin kú. Ó ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó tì í, bí ọmọ tó ń fi ẹnu àpótí ṣeré.

Ayọ̀ tó bá Gbohùngbohùn kò ṣeé fẹnu sọ. Ó yadi! Sípíkà yadi! Ìyàwó òun kò purọ́, rédíò ló wá tún ṣe, àga lásán ló jókòó lé! Díẹ̀ ló kù kó dì mọ́ ọn níbẹ̀. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Mítà ti sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀.

"Bàbá, wáyà pupa kan wà níbí. Kò gba inú ọ̀pá rọ́bà tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀ kọjá bí àwọn tó kù. Ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ló gbà. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá tì ni irin ń gé e jẹ. Ó ti gé ara rẹ̀ dénú. Tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, bàbà inú rẹ̀ á kan ara ọkọ̀, rédíò á sì pa ẹnu gbogbo sípíkà mọ́ kó má baà jóná."

Kí Mítà tó sọ̀rọ̀ tán ni Gbohùngbohùn ti mọ wáyà náà. Ó rántí ọjọ́ tó tò ó. Àwọn aládùúgbò jókòó tì í, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀pá rọ́bà náà sì fún. Bó bá ní kí òun fi sùúrù ti wáyà gba inú rẹ̀, wákàtí kan ni. Ó gbà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wé téèpù mọ́ ọn, ó tẹ rédíò, ẹyẹlé fò.

"Ẹni tó tò ó ń kánjú ni," Mítà wí jẹ́jẹ́.

"Ta ló tò ó ná?" Ìyá Ìbejì béèrè, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

Gbohùngbohùn la ẹnu. Ó wù ú kó ti ọ̀ràn náà sọ́dọ̀ Mítà onísísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì Mítà wà lórí téèpù tó wé mọ́ wáyà náà, orípa eyín sì hàn létí rẹ̀ kedere, pẹ̀lú àlàfo eyín iwájú tí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn ládùúgbò.

"Èmi ni," ó wí.

Mítà na ọwọ́ sí wáyà náà. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín..."

"Yọ ọwọ́ rẹ! Ìwọ àti ìbọ̀wọ́ rẹ, ẹ dìde níbẹ̀!"

Báyìí ni Gbohùngbohùn ṣe dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀tá rẹ̀, tí ọ̀tá rẹ̀ sì ń tan iná fún un. Ó gé wáyà tó ti jẹ kúrò, ó so tuntun mọ́ ọn, ó ń fi sùúrù tì í gba inú ọ̀pá rọ́bà, wákàtí kan gbáko. Òógùn rẹ̀ tó fọ ọkọ̀. Nígbà tó kan téèpù, Mítà na sísọ́ọ̀sì sí i. Ó wo sísọ́ọ̀sì náà, ó wo Mítà, ó fi eyín gé e.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ni?" ó bi ìyàwó rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ṣé mo mọ̀? Bí mo bá dúró, mo ti máa ń pa ọkọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Lónìí tí ẹ jókòó ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i." Ó fọwọ́ nu orí ọkọ̀ náà. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, Bàbá Ìbejì. Ẹ ò bá mi jókòó nínú rẹ̀ rí. Ìta lẹ máa ń dúró sí."

Nígbà tí Gbohùngbohùn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó nu ọwọ́, ó sì wọ iwájú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó gbàgbé pé òun ò ti ṣọ́ọ̀bù. Mítà juwọ́ sí wọn. Ìyá Ìbejì juwọ́ padà, Gbohùngbohùn ka iye ìgbà tí ọwọ́ náà mì: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó fi sílẹ̀.

Wọ́n bọ́ sójú títì, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì, orin ń lọ. Inú rẹ̀ ń tutù bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fẹ́ ní, "O rí i, Ìyá Ìbejì," nígbà náà ni obìnrin náà wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó yára yí rédíò sí ibòmíràn.

Ohùn ọkùnrin kan jáde. Ohùn náà nípọn, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni ń da òróró sínú ìgò, ó ń sọ ìtàn opó kan àti awakọ̀ ojú omi tó máa ń gbé e sọdá. Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín kan wá sí ojú rẹ̀ tí Gbohùngbohùn kò rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn ìbejì.

"Ta nìyẹn?"

"Ṣọ̀ọ̀."

"Mo ní ta ni?"

"Ẹni tó ń ka ìtàn agogo mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò ti gbọ́ ọ. Kí lẹ rò pé mò ń torí ẹ̀ sá kiri bí ẹni tó sọ owó nù? Ẹ dákẹ́ ná, ó ti fẹ́ di ọwọ́ ẹ̀ mú."

Gbohùngbohùn wo ojú rédíò. Ọkùnrin yìí kò ní ìbọ̀wọ́, kò ní ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn lè wọ̀ lọ bá a jà. Ohùn lásán ni, ó sì ń tinú sípíkà tí òun tò jáde, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìyàwó òun, ọ̀kan lápá òsì, méjì lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó na etí wá ibi tí ohùn náà ti ya, kó lè sọ ọ́. Kò ya níbì kankan. Ó rọra na ẹsẹ̀ kọjá sí ìhà ibi tí wáyà pupa náà gbà, bóyá bó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í díẹ̀... Ìyá Ìbejì gbá a lórúnkún láìgbójú kúrò lójú ọ̀nà. Àti pé wáyà náà kò lè yẹ̀ mọ́. Inú rọ́bà ló wà, ó le, ó dúró ṣinṣin. Òun ló ṣe é. Ó ti ṣe é dáadáa jù.

Wọ́n dé ilé. Ìyá Ìbejì pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò pa rédíò. Opó náà ṣì wà lójú omi.

"Ẹ máa wọlé lọ, Bàbá Ìbejì," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mò ń bọ̀."

Gbohùngbohùn wo ẹnu ọ̀nà ilé. Ó wo rédíò. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó ti ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì jókòó dáadáa. Kí òun fi ìyàwó òun àti ohùn yẹn sílẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan, nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì? Òun kọ́.